Sí Àkànní, lórí eré òkèèrè tí ẹ fẹ́ ṣe n'Íbàdàn

Lọ́ńdọ̀nù

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni? Ará ilé ńkọ́? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, ẹ kú oríire ẹgbẹ́ òṣèré tuntun. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kíkéré yàrá yín dẹ́rù bà ọ́. Òkè ilé ọtí kan ní Notting Hill ni Gate Theatre ti bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ìjókòó bíi 75 péré, eré ilẹ̀ òkèèrè ló sì sọ ọ́ di olókìkí.

Irú eré báyìí kì í sábà bàjẹ́ lórí ìtàgé. Ó ti máa ń bàjẹ́ kí òṣèré tó dìde dúró.

Àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣì dúró fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Chekhov, òǹkọ̀wé eré ará Rọ́ṣíà, kú ní 1904, ẹ kò ní í bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ohun tó fi èdè Rọ́ṣíà kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu àìpẹ́ yìí ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀. Bí òǹkọ̀wé bá wà láàyè, aṣojú rẹ̀ ni kí o kọ̀wé sí. Sọ iye ìjókòó, iye alẹ́, owó tíkẹ́ẹ̀tì àti èdè tí ẹ ó lò, torí ohun tí wọ́n fi ń ṣírò owó wọn nìyẹn. Béèrè bóyá ẹ lè gé ọ̀rọ̀ kúrò, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ sínú ìwé.

Ìtumọ̀ ni kí ẹ náwó sí jù, àní kó ju ti aṣọ lọ. Ẹni méjì ni kó ṣe é: ọ̀kan tó gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, tí yóò túmọ̀ rẹ̀ gbọrọgbọrọ, tí yóò sì ṣàlàyé àwàdà àti èébú inú rẹ̀, èkejì, òǹkọ̀wé eré, tí yóò sọ ọ́ di ohun tó yọ̀ lẹ́nu. Bó bá jẹ́ inú Gẹ̀ẹ́sì lẹ ti ń mú un, ẹ ṣọ́ra. Faransé àti Rọ́ṣíà ní "o" àti "ẹ" bíi tiwa, Gẹ̀ẹ́sì ti pa méjèèjì pọ̀. Ojú ìwé tí ìyàwó ilé ti pa "ẹ" tì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe bàbá ọkọ rẹ̀ ní "o", lè jẹ́ ojú ìwé tí ìjà ti bẹ́. Ẹ to orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn ní méjì méjì, kí ẹ kọ ọ́ sí iwájú wọn ta ló ń bọ̀wọ̀ fún ta, àti ibi tó ti yí padà.

Ṣé kí ẹ sọ ọ́ di ti Yorùbá pátápátá? Ọlá Rótìmí ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1968 fún Oedipus, eré Gíríìkì tí Sophocles kọ. Renegade Theatre láti Èkó náà gbé Ìtàn Ògìnìntìn, ìyẹn The Winter's Tale tí Shakespeare kọ, dé tíátà Globe níbí ní 2012, wọ́n sọ ọba Leontes di Ṣàngó, ayaba di Ọya. Sophocles àti Shakespeare kò lè bínú. Òǹkọ̀wé tó wà láàyè lè fagi lé eré yín, n kò sì rò pé eré tuntun nílò irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìlú rẹ̀ wà níbi tó wà.

Ẹ jókòó yí tábìlì ká, kí ẹ kà á sókè tòun ti aago lọ́wọ́, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó kan pákó kankan. Gbólóhùn tí òṣèré mẹ́ta bá kọsẹ̀ lórí rẹ̀, ìtumọ̀ ló jẹ̀bi.

Ní ti iná: àtùpà ìtàgé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní PAR ń jẹ 1,000 watt, jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA kò sì lè gbé mẹ́rin. Ẹ wá ti LED, tí kì í jẹ iná púpọ̀. Kí kọ̀ǹpútà tó ń darí iná wà lórí UPS, bátìrì tí kò ní jẹ́ kó kú bí iná bá lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbàkígbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ni ẹ ó máa dúró dè é kó tó tún tàn.

Fi orúkọ eré náà ránṣẹ́ sí mi kíákíá. Àwọn aṣojú kan máa ń pẹ́ kí wọ́n tó fèsì, má sì tẹ pátákó ìpolówó kankan kí ìwé àṣẹ tó dé.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí