Téèpù sọ tirẹ̀, bírò kọ tirẹ̀

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú tó ń bí mi ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo mú ọmọ mi obìnrin lọ sí pápá ìṣeré kan níbí ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ tí yóò lọ díje níta. Discus lọmọ mi ń jù, àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń díje ta ló lè jù ú jìnnà jù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá kan gba gbohùngbohùn, ó ní kí àwọn ọmọ wa wo Christian Okoye, ọmọ Nàìjíríà tó di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, pé discus lòun náà ń jù tẹ́lẹ̀. A pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó kan ọmọ mi, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Wọ́n na téèpù, ó jẹ́ mítà 38. Ẹni tó tẹ̀lé e ju 31. Ọmọkùnrin tó di téèpù mú pariwo iye náà sókè, ẹnì kan sì ń fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé. Ọjọ́ Ajé ni orúkọ jáde lórí WhatsApp. Ẹni tó ju 31 wà níbẹ̀. Ti ọmọ mi kò sí.

Ẹ bá mi bi wọ́n: téèpù ti sọ tirẹ̀ lójú gbogbo wa, níbo ni bírò ti rí ohun tó kọ?

Orúkọ Okoye tí wọ́n fi ṣí ètò ló wá dùn mí jù. Ṣé ọ̀gá yẹn tilẹ̀ mọ ohun tí ojú ọkùnrin náà rí? Enugu ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1961. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ ló gbá ní kékeré. Lọ́dún 1982 ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà nítorí eré orí pápá, ó sì lọ sí Azusa Pacific University ní California, níbi tó ti ń gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ìlú Azusa kò jìnnà sí Los Angeles rárá, Los Angeles ni wọ́n sì ti ṣe Òlíḿpíìkì ọdún 1984. Innocent Egbunike tó lọ sí yunifásítì kan náà sáré fún Nàìjíríà níbẹ̀, òun àti Rotimi Peters àti àwọn méjì mìíràn sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. Okoye ńkọ́? Wọn kò fi orúkọ rẹ̀ sí i. Eré wá bá a dé ẹ̀yìnkùlé, àwọn tirẹ̀ ní kó jókòó sílé.

Ìgbà yẹn ló yà sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, lẹ́ni ọdún 23, ẹni tí kò gbá a rí láyé rẹ̀. Lọ́dún 1987, Kansas City Chiefs, ẹgbẹ́ kan nínú líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù náà ṣiṣẹ́ ṣe ní Amẹ́ríkà, mú un. Ọkùnrin náà wọ̀n ju kílò 110 lọ, ó sì ń sáré bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n fa bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, kó wá forí la àárín àwọn géńdé tó fẹ́ gbé e lulẹ̀. Ìgbà 370 ló ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1989 nìkan, ó sáré yáàdì 1,480, kò sí ẹnì kankan nínú líìgì náà tó tó o lọ́dún yẹn. “Nigerian Nightmare” ni wọ́n ń pè é, àlá burúkú tó ti Nàìjíríà wá. Orúnkún ni ohun tó padà dá a dúró. Lẹ́yìn ọdún 1992 kò gbá a mọ́. Ní 2000, Chiefs fi orúkọ rẹ̀ sí ara àwọn akọni wọn.

Àwọn kan á ní ṣebí ó padà dára fún un. Ó dára fún un lóòótọ́, mo sì bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n Kansas City ló jèrè rẹ̀. Ọmọ tèmi kò sì sí ní California tí ẹlòmíràn á ti rí i. Mókọ́lá la wà.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Nínú bọ́ọ̀lù tí Okoye gbá yẹn, tí ariyanjiyàn bá dé bóyá ẹgbẹ́ kan ti rìn tó yáàdì mẹ́wàá tó gbọ́dọ̀ rìn kí bọ́ọ̀lù má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣéènì tó gùn tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé wọ àárín pápá nígbà tí òun ń gbá a. Wọ́n á nà án lójú olùkọ́ni, lójú òǹwòran, lójú kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ á parí. Kí àwa náà gbé pátákó dúdú ńlá sí pápá. Bí téèpù bá ti sọ iye, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ọmọ àti mítà rẹ̀ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí òbí tó bá fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ yà á. Kí ẹnikẹ́ni má nù ún títí orúkọ yóò fi jáde. Nígbà tí orúkọ bá jáde, kí iye mítà wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ti ẹni tí wọ́n mú àti ti ẹni tí wọn kò mú. Páálí ṣọ́ọ̀kì kan kò lè wọ́n ju agbára ìjọba lọ. 

Mo ti pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wa, wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ọ̀gá wà ní ìpàdé. Àwọn aláṣẹ wa mọ bí a ṣe ń pe orúkọ ẹni tó ti là nílẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ọmọ tó wà níwájú wọn, bírò ni wọ́n fi ń pa á rẹ́. Láti ọjọ́ Ajé ni discus ọmọ mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nínú àpò ìrẹsì tó fi ń gbé e, kò sì tíì fọwọ́ kàn án. Kí ẹni tó mú bírò lọ́jọ́ náà jáde, kó wá sọ iye mítà tó kọ fún ọmọ mi.

Èmi ni,
Ìyá eléré ìdárayá kan,
Mókọ́lá, Ìbàdàn.