Àwọn Tó Gbójú Sókè Nítorí Táǹkì

Sí Olóòtú,

Inú mi dùn sí àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn táǹkì Ogun Àgbáyé Kejì, àmọ́ ó dùn mí pé ẹ kò sọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọ ogun tó ń bá táǹkì rìn kí wọ́n lè máa yìnbọn lu ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá. Irin iwájú táǹkì nípọn, ti orí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Àwọn ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ ọta tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn kò tilẹ̀ ní irin ààbò rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọ́n bá jóná, táǹkì náà kò ní pẹ́ dúró.

Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, M16 wà lára ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí: táyà níwájú, ẹ̀wọ̀n irin lẹ́yìn, ìbọn arọ̀jò-ọta mẹ́rin lórí. Àárín àwọn ìbọn náà gan-an ni ayìnbọn ń jókòó sí, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Àpótí ọta kọ̀ọ̀kan gba 200, ìbọn sì ń jẹ ẹ́ tán kí ìṣẹ́jú kan tó dé ìdajì, nítorí náà àwọn méjì mìíràn a máa pààrọ̀ àpótí láìsinmi, láìsí òrùlé lórí wọn, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú ń já bọ̀ wá bá wọn.

Ní Remagen, ìlú kan ní Jámánì, níbi tí ìpín kẹsàn-án àwọn ọmọ ogun táǹkì Amẹ́ríkà ti gba afárá orí odò Rhine ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1945, ọjọ́ bíi mélòó kan ni ọkọ̀ òfuurufú Jámánì fi ń wá ọ̀nà láti wó o, tí irú àwọn ayìnbọn bẹ́ẹ̀ sì ń yìnbọn lù wọ́n. Afárá náà kò wó títí di ọjọ́ 17, nígbà tí wọ́n ti tẹ́ afárá mìíràn sórí odò náà.

Iye ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n já lulẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń díwọ̀n iṣẹ́ àwọn ayìnbọn wọ̀nyí, n kò sì fara mọ́ ọn. Awakọ̀ òfuurufú tó rí iná ìbọn tó sì yà, tí bọ́ǹbù rẹ̀ bọ́ sínú odò, wọ́n ti borí rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ ìyẹn sílẹ̀?

Lọ́dún 2010 ni Jámánì yọ Gepard, ọkọ̀ onírin tó ru ìbọn méjì fún irú iṣẹ́ yìí, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti ọdún 2022 ni wọ́n ti ń kó o lọ sí Ukraine, ó sì ń já dúróònù lulẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá tún máa kọ̀wé lórí táǹkì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún àwọn ayìnbọn wọ̀nyí ní ojú ewé tiwọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín