Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ àkókò nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí mo sì ń túmọ̀ ìwé láti inú èdè náà sí Yorùbá. Ohun náà ni ọwọ́ tí a fi ń mú àwọn ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ìgbà, bí nǹkan ṣe pẹ́ tó, àti èyí tó ṣáájú èyí tó tẹ̀ lé e. A máa ń há wọn sórí kí ọ̀rọ̀ wa lè dùn létí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ni wọ́n, ẹni tó bá sì ṣì wọ́n lò yóò ṣi ẹlòmíràn lọ́nà.

Ìròyìn ilé ẹjọ́ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe náà ti ń dunni jù. Bí adájọ́ bá rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5 lórí ẹ̀sùn kan, tó tún fún un ní ọdún 5 lórí ẹ̀sùn kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí yóò sọ iye ọdún tí onítọ̀hún yóò lò lẹ́wọ̀n. Bó bá ní kí méjèèjì jẹ́ "concurrent", a ó ka méjèèjì pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọdún 5 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá ní "consecutive", èkíní gbọ́dọ̀ tán kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀, ó sì di ọdún 10. Mo ti ka ìròyìn lédè wa tí wọ́n kàn kọ "ọdún márùn-ún márùn-ún" sí, tí wọ́n sì fi òǹkàwé sílẹ̀ síbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé "pa pọ̀" àti "tẹ̀léra" wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Èmi náà ti jìn sí irú kòtò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹgbẹ́ kan gbé ìwé wá fún mi láti túmọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ìpàdé àwọn yóò máa jẹ́ "bimonthly". Mo kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Oṣù méjì-méjì ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé ìtumọ̀ mi wá, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, ojú sì tì mí gidigidi. Nígbà tí mo yẹ ìwé atúmọ̀-èdè wò, mo rí i pé ìtumọ̀ méjèèjì ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún "biweekly", tó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ kí n tó túmọ̀ rẹ̀. "Fortnight" kò ní wàhálà yìí: òru 14 ni orúkọ rẹ̀ ń sọ nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ibi tí ẹsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ń yọ̀ jù ni kíka ọjọ́. Nínú ìṣirò tiwa, òní jẹ́ ọ̀kan, àná jẹ́ èjì, ìjẹta jẹ́ ẹ̀ta, bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Gẹ̀ẹ́sì kì í ka òní mọ́ ọn, nítorí náà ìjẹta ni "two days ago", ìjẹrin sì ni "three days ago". Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀ta nínú ìjẹta tó sì kọ "three days ago" ti fi odidi ọjọ́ kan kún un. Bí ìwé náà bá jẹ́ ẹ̀rí tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ kan yẹn lè sọ olóòótọ́ di onírọ́. Mi ò tíì rí ìwé ẹ̀kọ́ tó kìlọ̀ èyí fún ọmọ Yorùbá.

"Subsequently" àti "consequently" náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Èkíní sọ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmíràn, kò sọ pé èyí tó ṣáájú ló fà á. Èkejì ló ń sọ ohun tó fà á. Akọ̀ròyìn tó bá fi èkejì rọ́pò èkíní ti dá ènìyàn lẹ́bi láìmọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ibùgbé ẹni tó ń sọ wọ́n ń yí padà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "momentarily" túmọ̀ sí fún ìgbà díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó tún lè jẹ́ láìpẹ́. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ òfuurufú yóò balẹ̀ "momentarily", ọ̀kan nínú àwọn èrò lè rò pé ó kàn fẹ́ fẹsẹ̀ kanlẹ̀ kó tún gbéra. Kódà "soon" tí gbogbo wa mọ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló túmọ̀ sí nígbà àtijọ́, kí ẹnu tó fà á gùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n kọ ọjọ́ gan-an sínú ìwé àdéhùn, kí wọ́n sì mọ̀ pé "by Friday" ni pé ó pẹ́ tán, ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n "until Friday" ni pé kí nǹkan máa bá a lọ títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ ya àyè kékeré kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọ̀rọ̀ méjì irú èyí, pẹ̀lú gbólóhùn tí a ti lò wọ́n àti bí a ṣe lè sọ wọ́n ní Yorùbá. Bí ẹ bá gbà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí "concurrent" àti "consecutive".

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè àti ògbufọ̀ kan