Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Aránṣọ, Onídìrí àti Olóúnjẹ Yorùbá ní Houston Lórí Ọ̀rọ̀ Ìjì Harvey

Sí ẹ̀yin ọlọ́lá Ìgbìmọ̀ Ìlú Houston, Texas,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Àwa tá à ń kọ̀wé yìí ni ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ, onídìrí àtàwọn tó ń ta oúnjẹ ilé lápá títì Bissonnet títí dé àdúgbò Alief. Yorùbá la fi kọ ọ́ kí àwọn ìyá àgbà inú ẹgbẹ́ lè ka ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí, àwọn ọmọ wa ti bá wa tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, a fi ìyẹn náà mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ Harvey náà la tún gbé wá. A mọ̀ pé ó ti pẹ́, àmọ́ ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa lónìí á rí i fúnra ẹ̀ pé kò tíì tán. Lọ́jọ́ Friday 25 August 2017 ni ìjì yẹn wọlé lápá Rockport, ìlú kan létí òkun Texas, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ba nǹkan jẹ́ gan-an lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ní tiwa níbí òjò ló ṣe wá léṣe. Ìjì ọ̀hún kàn dúró sójú kan ni, kò lọ kò bọ̀, ó ń da omi sílẹ̀ tọ̀sán tòru, nígbà tó fi máa di òru Saturday mọ́jú Sunday, odò Brays Bayou ti kún àkúnya, omi ti gba títì wọlé. Ilé tó lé ní 150,000 lomi wọ̀ ní Harris County tí Houston wà nínú ẹ̀ nìkan. Àwọn kan nínú wa sá lọ sí gbọ̀ngàn àpéjọ George R. Brown níbi tí èèyàn tó lé ní 10,000 forí pamọ́ sí, a ò ní gbàgbé oore tí ìlú ṣe wá níbẹ̀, àtàwọn tó wa ọkọ̀ ojú omi tiwọn wá gbé ẹni tí wọn ò mọ̀ rí.

Ìgbà tá a padà dé ṣọ́ọ̀bù lojú wa tó rí nǹkan. Màṣíìnì wà nínú ẹrẹ̀, mọ́tò wọn ti gan. Aró ara àdìrẹ ti ṣàn sára léèsì funfun tí oníbàárà rà fún ìgbéyàwó, aṣọ ẹbí tá a ti gé tí a ò tíì rán ti hu èbu nínú ọ̀rá, gàrí àti èlùbọ́ ti di ẹ̀kọ nínú àpò, òórùn panla tó ti rà gba gbogbo plaza kan. Owó aṣọ oníbàárà, àwa la san án padà, torí wọn ò bá ìjì dòwò pọ̀, àwa ni wọ́n bá dòwò pọ̀.

Àtìgbà yẹn la ti ń gbé e díẹ̀díẹ̀. FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àjálù, ran àwọn tílé wọn bàjẹ́ lọ́wọ́, àmọ́ owó yẹn kì í ṣe fún òwò, lóònù SBA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò kéékèèké, ni wọ́n ń darí oníṣòwò sí. Ẹni tó rẹ́ǹtì àga kan ṣoṣo tó fi ń dirun, tí gbogbo ìwé òwò ẹ̀ ti bá omi lọ, kí ló fẹ́ fi gba lóònù? Àwọn tó sì rí i gbà ṣì ń san án dòní. Inṣọ́ránsì onílé ò kan ọjà wa rárá, ti omíyalé tún ọ̀tọ̀, tí ẹ bá sì rà á lónìí ó di 30 ọjọ́ kó tó ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ èyí rí àfìgbà tómi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Bá a ṣe ń mí díẹ̀ báyìí kòrónà dé, nígbà tó di 8 July 2024 ìjì Beryl tún jà, iná lọ lọ́wọ́ oníbàárà tó lé ní 2 mílíọ̀nù, àwọn olóúnjẹ ń kó ẹran àti ẹja látinú fírísà dà nù bíi ti 2017.

Ohun tá a wá ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ní 2018 àwọn ará county dìbò fún bíliọ̀nù 2.5 dọ́là láti fi kojú omíyalé, wọ́n sì ti fẹ Brays Bayou sí i, inú wa dùn sí i púpọ̀. Ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ rọ́nà dé bayou ná kó tó bá a lọ, òjò wákàtí kan péré, ó ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ko gọ́tà abẹ́ títì wa, kẹ́ ẹ sì fẹ èyí tó há jù kí àsìkò ìjì tó wọlé ní 1 June. Ẹ bá wa ya owó ìrànwọ́ tí kì í ṣe lóònù sọ́tọ̀ fáwọn oníṣòwò kéékèèké tó ń rẹ́ǹtì, kó jẹ́ pé ìwé rẹ́ǹtì àti fọ́tò ọjà tó bàjẹ́ tó láti fi gbà á. Kẹ́ ẹ tún rán ẹni tó mọ̀ nípa inṣọ́ránsì omíyalé wá bá wa sọ̀rọ̀, a ti ní ẹni tó máa tú u sí Yorùbá.

Ẹ rán ẹnì kan wá wò ó lọ́jọ́ tójò bá ń rọ̀, ìyẹn gan-an la fẹ́ jù. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé kejì tá a so mọ́ eléyìí, a ti sàmì sí gọ́tà tó dí níwájú kálukú.

Àwa ni tiyín,
Alága, Akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́