Ẹ Ka Ìwé Kí Ẹ Tó Bínú sí Ẹni Tó Kọ Ọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Bí òǹkọ̀wé kan bá sọ ohun tí kò bá àwọn èèyàn lára mu, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti bú u débi ìyá tó bí i. Ẹ bi wọ́n léèrè ojú ewé tí ọ̀rọ̀ náà wà, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni. Kí la ó wá pe ẹni tí kò gbọ́ ẹjọ́ kankan rárá?

Ẹ gbọ́ ti Naguib Mahfouz, ọmọ Íjíbítì tó gba Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1988. Lọ́dún 1959, ìwé ìròyìn Al-Ahram ń gbé ìtàn àròsọ rẹ̀ kan jáde díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn ní ó tàbùkù àwọn wòlíì. Lẹ́yìn ọdún 35, lóṣù Ọ̀wàwà 1994, ọ̀dọ́kùnrin kan gún bàbá ẹni ọdún 82 yìí lọ́bẹ lọ́rùn, níbi tó jókòó sí nínú mọ́tò nílùú Cairo. Ọmọ náà jẹ́wọ́ pé òun ò ka ìwé ọ̀hún rí. Bàbá ò kú, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún tó fi kọ ìwé tó lé ní 30 kò lè mú kálàmù pẹ́ mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń kọ̀wé lóòjọ́.

Ẹni tó gún òǹkọ̀wé Salman Rushdie lọ́bẹ ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 2022, tó fọ́ ojú rẹ̀ kan, sọ fún oníròyìn pé bí ojú ewé méjì lòun kà nínú ìwé rẹ̀.

Mahfouz yìí kan náà ló bẹnu àtẹ́ lu Khomeini, olórí ilẹ̀ Iran, nígbà tó pàṣẹ ikú fún Rushdie nítorí ìwé rẹ̀ lọ́dún 1989. Bẹ́ẹ̀, kò fi pa mọ́ pé ìwé Rushdie tàbùkù ẹ̀sìn Ìsílàámù. Ẹnu kan náà ló fi sọ méjèèjì.

N ò ní kí ẹ dákẹ́ o. Òmìnira tí òǹkọ̀wé fi kọ̀wé lẹ̀yin náà ní láti ta kò ó. Ẹ fi ojú ewé hàn wá, ẹ tú u palẹ̀, ẹ má rà á bó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa wá ilé rẹ̀ kiri, kí ẹ máa halẹ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀, ìyẹn ti kúrò ní àríyànjiyàn. Ti kí ẹ ní kí ilé ìtẹ̀wé lé e dànù, èmi ò fara mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ mi kan máa bá mi jiyàn níbẹ̀.

Bí wọ́n bá fi ìlà kan ránṣẹ́ sí yín pé ẹ wá bá wọn bínú, ẹ béèrè ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e. Bí ẹni tó fi ránṣẹ́ ò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kó máa dá bínú lọ.

Èmi ni,
Bàbá yín.