Ẹ̀sùn Lórí Àtẹ Tí Kò Ṣí Nínú Visual Studio 2022

Ìbàdàn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà, Èkó.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo ń kọ̀wé yìí lórúkọ iléeṣẹ́ wa, tó ń ṣe sọ́fítíwià fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Àtẹ tí a rà lọ́wọ́ yín, ìyẹn ẹ̀yà sọ́fítíwià tí à ń fi sórí fọ́ọ̀mù, èyí tí a fẹ́ fi máa ṣàfihàn owó tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá àti èyí tó yá, ni ẹ̀sùn mi dá lé lórí. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé ìpolówó yín pé ó ń bá Visual Studio 2022, ètò Microsoft tí a fi ń kọ sọ́fítíwià, ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn la torí rẹ̀ sanwó.

Windows Forms lórí .NET Framework 4.8, irinṣẹ́ Microsoft fún ṣíṣe ètò Windows, ni iṣẹ́ wa. Bí a bá ti ṣí fọ́ọ̀mù tí àtẹ yín wà lórí rẹ̀, designer, ìyẹn apá Visual Studio tí a ti ń to fọ́ọ̀mù, kì í fi fọ́ọ̀mù náà hàn. Ohun tó ń gbé jáde ni "An attempt was made to load a program with an incorrect format", ìyẹn pé irú ètò tí wọ́n fẹ́ gbé sókè kò bá a mu. Bí a bá ní ká fà á jáde láti inú Toolbox, àpótí tí àwọn ẹ̀yà fọ́ọ̀mù wà, kì í gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá fọwọ́ kọ ọ́ sínú kóòdù, tí a build ètò náà (ìyẹn, tí a sọ kóòdù di ètò) sí x86, tó jẹ́ 32-bit, tí a wá tan ètò náà, àtẹ yín ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà kankan.

Nígbà tí a fi èyí tó yín létí, àwọn òṣìṣẹ́ yín ní ká yọ Visual Studio kúrò ká tún un gbé sórí kọ̀ǹpútà. A ṣe é. Wọ́n ní ká pa cache, àwọn fáìlì tó fi pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, rẹ́. A ṣe ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ pé kọ̀ǹpútà wa ló ní àrùn, ọ̀rọ̀ yìí ló sì dùn mí jù, torí pé lórí kọ̀ǹpútà kan náà, Visual Studio 2019 ń ṣí fọ́ọ̀mù náà wẹ́rẹ́.

Ibi tí ìṣòro wà kò fara sin. Títí dé Visual Studio 2019, 32-bit ni devenv.exe, ètò tó ń tan Visual Studio fúnra rẹ̀. Ti 2022, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ 64-bit. Inú devenv.exe gan-an ni designer ti .NET Framework ti sábà máa ń gbé component (ẹ̀yà bí àtẹ yín) sókè, Windows kì í sì í jẹ́ kí ètò 64-bit gbé DLL (fáìlì kóòdù tí ètò ń lò) 32-bit sínú ara rẹ̀. Bí a bá wá tan ètò tiwa, òun ń dá dúró lórí x86, ìdí nìyẹn tí ohun gbogbo fi ń lọ déédéé níbẹ̀. Mo fi CorFlags, irinṣẹ́ Microsoft tó ń fi irú DLL hàn, yẹ DLL yín wò: 32BITREQ rẹ̀ jẹ́ 1, ìyẹn pé 32-bit nìkan ló lè lò ó. Ẹ̀yin lẹ build rẹ̀ sí x86.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2021 ni Microsoft ti kéde pé 64-bit ni èyí tó ń bọ̀ máa jẹ́. Bí kóòdù .NET nìkan ló wà nínú àtẹ yín, kí ẹ tún un build sí AnyCPU, tó ń bá 32-bit àti 64-bit ṣiṣẹ́, ló kù. Bí DLL C++ bá wà lábẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà pọ̀ díẹ̀, torí ẹ ó ní láti ṣe ti 64-bit mọ́ ọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ni, kì í ṣe tiwa. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ọmọbìnrin tó ń to fọ́ọ̀mù fún wa ń ya gbogbo rẹ̀ nínú 2019 kó tó padà sí 2022 láti parí iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń dúró dè wá kò mọ ohun tó ń fa ìdádúró, àwa ni wọ́n ń bi.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Owó lọ́wọ́ la fi ra ohun tí ẹ kọ síbẹ̀.

A fẹ́ kí ẹ fi àtẹ tó ń ṣí nínú designer Visual Studio 2022 ránṣẹ́ sí wa kí oṣù yìí tó parí, tàbí kí ẹ dá gbogbo owó wa padà. Ẹ sì tún ìpolówó yín kọ lónìí, kí ẹlòmíràn má baà rà á bí a ṣe rà á. Bí a kò bá gbọ́ nǹkan kan, a ó gbé ẹ̀sùn yìí lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Àwòrán àṣìṣe náà, èsì CorFlags àti fọ́ọ̀mù kékeré kan tí ẹ lè fi dán an wò wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Tiyín ní tòótọ́,
Olórí ẹ̀ka sọ́fítíwià