Wúrà lè jẹ́ ojúlówó, kí owó náà sì jẹ́ ayédèrú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ sì kú àforítì. Mo ka ìmọ̀ràn tí ẹ tẹ̀ jáde fún ẹni tó bá fẹ́ ra owó wúrà àtijọ́ pa mọ́, níbi tí ẹ ti ní kó fi òòfà dán an wò, kó fi eyín gé e díẹ̀, kó sì gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà bí iyèméjì kò bá tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ẹ dá sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa tó ń gbé nílẹ̀ Britain níbí ló ń ra Sovereign, owó wúrà ilẹ̀ Britain, fún ọmọ tó gboyè tàbí tó fẹ́ ṣègbéyàwó, àwọn gbájúẹ̀ sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú, ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ wọn, ìkẹta tiẹ̀ lè ba ojúlówó jẹ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé òòfà kì í fa wúrà. Kì í sì í fa idẹ, kì í fa bàbà, kì í fa òjé, àwọn yìí gan-an sì ni àwọn oníjìbìtì sábà máa ń fi omi wúrà bò. Ní ti eyín, òjé rọ̀ ju wúrà kárátì 22 tí wọ́n fi ń rọ Sovereign lọ (kárátì ni a fi ń mọ bí wúrà ṣe pọ̀ tó nínú irin, 24 sì ni ògidì), nítorí náà ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé eyín yóò ka òjé sí ojúlówó, yóò sì dá àpá sí ara owó tó jẹ́ pé àìlápá rẹ̀ ló sọ ọ́ di olówó iyebíye.

Ohun tó ń ṣòro fún ayédèrú láti sá fún ni òṣùwọ̀n. Sovereign tí wọ́n ti ń rọ ní Britain láti 1817, èyí tí George Mímọ́ wà lórí ẹṣin lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bá dírágónì jà, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 7.98, ó fẹ̀ ní mìlímítà 22.05 láti etí kan dé èkejì, ó sì nípọn ní mìlímítà 1.52. Krugerrand ti South Africa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967, jẹ́ gíráàmù 33.93, ó sì fẹ̀ tó bíi mìlímítà 32.7. Kò nira fún ẹnikẹ́ni láti rọ ayédèrú tó bá ọ̀kan nínú àwọn iye wọ̀nyí mu. Kí gbogbo wọn bára mu lẹ́ẹ̀kan náà ni iṣẹ́, nítorí wúrà wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí idẹ tó bá tóbi bíi tirẹ̀ kò fi ní í ju nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Bí oníjìbìtì bá fẹ́ kí ìwọ̀n pé, àfi kí owó náà nípọn jù tàbí kó fẹ̀ jù. Òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù àti kálípà kan, ohun tí a fi ń wọn fífẹ̀ àti nínípọn, kò wọ́n, a sì lè fi àwọn méjèèjì sínú àpò lọ sí ọjà.

Omi tún wà fún ẹni tó bá fẹ́ rí ìdí ọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ gbé ife omi lé orí òṣùwọ̀n yẹn, kí ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ wá fi òwú tín-ín-rín so owó náà, kí ẹ sì rì í sínú omi títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, láì jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ ife tàbí ara rẹ̀. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà ni ìwọ̀n omi tí owó náà lé kúrò. Sovereign ojúlówó máa ń mú kó ka nǹkan bíi 0.45, bí ẹ bá sì fi iye yẹn pín 7.98, ohun tí ẹ máa rí yóò wà láàárín 17 sí 18, èyí tó yẹ wúrà kárátì 22. Òjé tí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ bákan náà yóò ka nǹkan bíi 0.70, ti idẹ yóò sì sún mọ́ gíráàmù kan. Kí afẹ́fẹ́ má ṣe fẹ́ sí òṣùwọ̀n náà, kí ẹ sì fi ìka gbọn owó náà wò nínú omi kó má bàa ní hóró afẹ́fẹ́ lára, nítorí hóró kan ṣoṣo ti tó láti sọ ojúlówó di ayédèrú lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀. Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní tungsten, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó wúrà kárátì 24 gan-an (19.25 sí 19.3), wọ́n sì máa ń fi wúrà bò ó, nítorí náà ẹni tó bá ń ra owó kárátì 24, irú bíi Maple Leaf ti Canada, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹni tó ń ra Sovereign lọ, kó sì wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń yẹ inú irin wò láì gé e.

Gbogbo èyí tí mo sọ, wúrà nìkan ló ń dán wò. Èyí tó ń mú àwọn olùkójọ owó àtijọ́ gan-an ni owó tí wúrà rẹ̀ pé ṣánṣán, tó sì jẹ́ pé irọ́ ni. Láàárín 1950 sí 1970, wọ́n rọ ọ̀pọ̀ ayédèrú Sovereign ní Lebanon àti Italy tí wúrà inú wọn pé tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, nítorí pé iye tí wọ́n ń ra Sovereign lọ́jà ju iye wúrà tó wà nínú rẹ̀ lọ, èrè ibẹ̀ sì ni wọ́n ń wá. Nígbà tí Britain padà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Sovereign ní 1957, ara ìdí rẹ̀ ni láti fi ojúlówó lé àwọn ayédèrú wọ̀nyí kúrò lọ́jà. Ní Amẹ́ríkà náà, ẹnì kan ṣe ayédèrú owó wúrà ogún dọ́là ti ọdún 1907 lọ́nà tó dára débi pé ó tan àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jẹ. Ó sì ní ìgbéraga tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbẹ́ àmì Ω bíńtín sínú èékánná ẹyẹ idì tó wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Sovereign ọdún 1917 wò. Lọ́dún yẹn wọ́n rọ ọ́ ní Sydney, Melbourne, Perth, Ottawa àti London. Àwọn ti òkè òkun ní lẹ́tà kékeré kan, S, M, P tàbí C (ti Canada, níbi tí Ottawa wà), lórí ilẹ̀ tí ẹṣin náà dúró sí, ní òkè ibi tí ọdún wà gan-an; ti London kò ní lẹ́tà kankan. Ó lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n rọ ní London, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ló ṣẹ́kù, iye rẹ̀ sì fi ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ju ti Perth tó wọ́pọ̀ lọ. Oníjìbìtì yóò wá ra ti Perth, yóò fi ohun ẹnu ṣóńṣó ha lẹ́tà P náà kúrò, ó parí. Òṣùwọ̀n kò ní í mọ̀, omi kò ní í mọ̀. Awò tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́wàá ni yóò fi hàn pé ibi tí lẹ́tà wà rí jinnú díẹ̀, pé ó ń dán ju àyíká rẹ̀ lọ, pé ìlà wẹ́wẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ayédèrú tí wọ́n rọ látìbẹ̀rẹ̀ ní tiwọn máa ń ní kóro kéékèèké tó ta yọ níbi tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú George Mímọ́ kì í sì í mọ́ kedere.

Ìdí nìyí tí mo fi ní alágbẹ̀dẹ wúrà kọ́ ló yẹ ká gbé e lọ bá. Ó mọ wúrà, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ bóyá London ni wọ́n ti rọ ọ́, ọ̀nà tó sì fi ń dán wúrà wò ni kó fi í ha òkúta kó tó ta ásíìdì sí i. Owó tó bá ti gba irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, tàbí tí ẹnì kan ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ kó lè dán, tàbí tí wọ́n ti jó mọ́ òrùka rí, kì í sábà ní iye mọ́ lójú olùkójọ ju ti wúrà inú rẹ̀ lọ. (Ó dùn mí púpọ̀ láti rí Sovereign àtijọ́ tó rẹwà tí wọ́n ti dá ihò sí lórí.) Ẹni tó mọ owó ni ká wá: oníṣòwò tó wà nínú BNTA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣòwò owó àtijọ́ níbí, tàbí PCGS àti NGC, àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń yẹ owó wò, tí wọ́n máa ń fi owó sínú ike pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ike náà pàápàá ní ayédèrú o. Ẹ wo nọ́ńbà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, bí wọ́n bá sì gbé àwòrán sí i, kí ẹ fi wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín, àpá sí àpá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ta Sovereign ní ìdajì iye wúrà inú rẹ̀, tó ń sọ pé owó ilé ìwòsàn ló ń lé òun, ẹ bi í pé kí ló dé tí kò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ra wúrà ní ìgboro, níbi tí wọ́n á ti san ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín kí ẹ bá wa tún ìmọ̀ràn òòfà àti eyín yẹn ṣe nínú ìtẹ̀jáde tó ń bọ̀, kí ẹ sì tẹ ìwọ̀n, fífẹ̀ àti nínípọn Sovereign sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú ìwé, kí òǹkàwé lè gé e mú lọ sí ọjà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, olùkójọ Sovereign,
Peckham, London.